Iná Wo Lẹ Pa?

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fẹ́ pa ọkọ mi, èmi àti òun kò bá ara wa sọ̀rọ̀. A jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, a jọ jí, a jọ kó irinṣẹ́ sínú ọkọ̀, a sì jókòó ti ara wa láti Ajah títí dé Eleko bí àlejò méjì tó pàdé ní gáréèjì. Bí ó bá fẹ́ kí n sún díẹ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. Èmi náà á sún, ṣùgbọ́n mi ò ní wo ojú rẹ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ ká bínú, ẹ fi mí sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Fìtílà ló dá ìjà náà sílẹ̀. Iṣẹ́ wa ni fìtílà ara ògiri, èyí tí àwọn ènìyàn ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ara ògiri ọgbà. Èmi ni mo ń ya bí ó ṣe máa rí sórí páálí, èmi ni mo ń gé e, tí mo ń tẹ̀ ẹ́, tí mo ń fi gíláàsì sí i. Ọkọ mi ló ń jó o pọ̀, òun náà ló sì ń fa wáyà, nítorí iṣẹ́ iná ló kọ́ láti kékeré. Ṣọ́ọ̀bù wa wà lẹ́yìn ọjà Ajah. Láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì wa la ti jọ ń ṣe é, àwọn ìbejì ọ̀hún sì ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí ilé ìwé tó jìnnà. Àwa méjì péré ló kù tí a ń dún mọ́ ara wa.

Ní tèmi, fìtílà tí kò bá lè bá ilé tó bá dé mu, ẹrù lásán ni. Ẹni tó bá ti gbé ní agbègbè wa mọ ohun tí mò ń wí. Ní Lekki, wọ́n á fi òkúta dídán lẹ gbogbo ara ògiri, ihò tí bíríkìlà fi sílẹ̀ fún wáyà á wá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní Ajah, búlọ́ọ̀kù lásán ni. Tí o bá dé etí òkun, o lè bá pákó. Aládùúgbò wa kan fẹ́ kó kúrò nínú ilé tó háyà, ó ní kí n wá bá òun tú fìtílà tí òun fi owó ara òun rà. A tú u títí, kò ṣeé tú láìfọ́ ògiri. Obìnrin náà dúró, ó ń wò ó, ó ní, "Ó dáa, kí onílé máa jẹ ẹ́." Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ya èyí tó wà lọ́kàn mi. Ìdí rẹ̀, èyí tó máa wà lára ògiri, á ní ojú gbọọrọ, kí ìṣó lè gba ibi yòówù tí ihò ògiri bá wà wọlé. Ọrùn rẹ̀ á ṣeé yí sókè, sí ìsàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́. Orí rẹ̀ á wá fi ìkọ́ kọ́ mọ́ ọrùn, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá mú iná lọ, wàá gbé orí náà sọ̀kalẹ̀, wàá gbé èyí tó ń lo bátìrì kọ́ síbẹ̀. Bí o bá ń kó lọ, wàá ṣí i, wàá gbé e lọ. Tìrẹ ni.

Ọkọ mi ò fẹ́ ìkọ́. Ó ní fìtílà tó bá ti ṣeé gbé, olè la ń ṣe é fún. Ó ní ohun tó bá wà lára ògiri, kó yáa wà lára ògiri. Mo ṣàlàyé títí, ó fi àáké kọ́rí. Nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan ní Eleko wá ránṣẹ́ pé kí a wá fi fìtílà sí ara ilé tí wọ́n fi ń gba àwọn àlejò tó ń wá wo òkun, mo lọ ra gíláàsì. Kí n tó dé, ọkùnrin yìí ti jó gbogbo orí mọ́ ọrùn pátápátá. Ó rò pé ó ti parí. Nígbà tó jáde lọ, mo gbé ayùn irin, mo gé gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìkọ́ sí i. Nígbà tó padà dé, ó gbé ọ̀kan, ó yí i wò, ó ní, "O gé iṣẹ́ mi bí ẹni ń gé ilá."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ nìyẹn. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ sí?

Báyìí la ṣe dé Eleko. Eleko ni wọ́n bí ìyá onílé sí, àwọn baba wọn ti ń pẹja níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ènìyàn lè sanwó kó wá wo omi. Àwọn ọmọ wọn ló tún ilé náà ṣe di ilé àlejò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ṣì jẹ́ ti Ìyá. Ààrò wọn wà níbẹ̀, wọ́n ń yan ẹja lórí rẹ̀, èéfín ń yí ilé po. Wọ́n wo ojú tèmi, wọ́n wo ojú ọkọ mi, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí ń jà." Ọkọ mi lọ gbé àkàbà.

Iná ò sí nígbà tí a dé. Wọ́n ti mú un lọ láti àárọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa lè rò pé ìyẹn ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá wà, tẹ́sítà ọwọ́ ọkọ mi á tàn, á mọ̀ pé iná wà nínú wáyà náà. Bí iná ò bá sí, wáyà tí a ti gé ní súìṣì àti èyí tí a kò gé, bákan náà ni wọ́n rí lójú, bákan náà ni wọ́n rí lọ́wọ́. Títí iná á fi dé. Nítorí náà la ṣe ní àṣà kan tí a kì í yẹ̀: kí ọkọ mi tó fọwọ́ kan wáyà ilé onílé, èmi ni mo máa ń lọ pa súìṣì àgbà tó ń gé iná gbogbo ilé, mo sì máa ń dúró tì í kí ẹnikẹ́ni má baà tan án. Mi ò fi iṣẹ́ yẹn rán ẹnikẹ́ni rí.

Ó gun àkàbà, ó gbé ìdí fìtílà àkọ́kọ́ mọ́ ògiri. Mo dúró nísàlẹ̀, mo rí i pé ó wọ́.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ wò ó. Ó wọ́."

Ó ń de ìṣó lọ. Mo tún un sọ. Ó yíjú sí ìyá onílé tó jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi sọ fún un pé ojú rẹ̀ ló wọ́."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ sídìí ọkọ̀ lẹ́nu géètì, mo bẹ̀rẹ̀ sí tú gíláàsì kúrò nínú ìwé ìròyìn tí a fi dì wọ́n. Bí mo ṣe ń tú wọn ni mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní tí a bá délé, mo máa kó lọ sí yàrá àwọn ìbejì. Mo ní kó máa bá ìyá onílé dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, nígbà tó ti rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, nígbà tó yá ni mo tó gbọ́ ọ. Ọkọ mi ti fi gbogbo ìdí fìtílà sí ààyè wọn, ó ku kó so wáyà. Atẹ́gùn òkun wá ń fẹ́ èéfín ẹja bọ̀ lójú rẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Láti orí àkàbà ló ti sọ fún Ìyá pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó pa iná."

Ìyá ní, "Ṣé èmi náà ni mo tún máa lọ jẹ́ alárinà yín? Iná mi ni, èmi fúnra mi máa pa á."

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó dé etí mi lẹ́nu géètì ni èyí tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n padà jókòó: "Mo ti pa iná o." Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo gbọ́ tí ọkọ mi dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé, Ìyá." Inú tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ mi, tí mo ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ, ló gbé fún ẹlòmíràn. Mo ní kò burú. Mo ní kó máa rí Ìyá.

Gíláàsì ti gba eruku ojú ọ̀nà. Mo gbé abọ́, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn láti bu omi tí mo máa fi nù wọ́n. Àgbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu omi, òórùn eérú tútù kọlù mí nímú. Mo wo ààrò. Igi ìdáná ti tutù, ó dúdú, omi ń kán lára rẹ̀, ooru ṣì ń rú díẹ̀díẹ̀. Ẹja wà lórí irin tí wọ́n fi ń yan án, kò tíì gbẹ dé ìdajì. Mo wà bẹ́ẹ̀, abọ́ lọ́wọ́ mi, mò ń ro ẹni tó máa da omi sórí iná nígbà tí ẹja rẹ̀ kò tíì jinná.

Ìyá ti tẹ̀lé mi wá. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, iná wo lẹ pa?"

Wọ́n ní, "Iná wo ló tún wà? Ṣebí èéfín ló ń dà á láàmú lójú. Ó ní kí n pa iná, mo pa á."

Mi ò mọ ìgbà tí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ibi tí mo wà, mo gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la ilé já rí ẹsẹ̀ ọkọ mi lórí àkàbà níwájú. Mo sáré dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Kò mira.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má fọwọ́ kan wáyà yẹn. Wọn ò tíì pa iná."

Ó dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló dá lóhùn. Ògiri ló kọjú sí. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti pa iná àbí ẹ ò tíì pa á?"

Ìyá sì dá a lóhùn lẹ́yìn mi, pẹ̀lú gbogbo òótọ́ inú wọn, "Mo ti pa á, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé. Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò sí nílé."

Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó wọ inú ihò ògiri.

Mo lè sáré lọ fà á lẹ́sẹ̀. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkùnrin yẹn: tí mo bá fà á, á di nǹkan mú, nǹkan tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dì mú ni wáyà. Tí mo bá dúró ṣàlàyé èyí tó jẹ́ iná ẹja àti èyí tó jẹ́ iná ilé, á rò pé ìjà fìtílà wíwọ́ ni mo tún gbé dé. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ti ń ní kó sọ̀kalẹ̀. Mo yà sínú pálọ̀.

Súìṣì àgbà wà lókè, lẹ́yìn àwọ̀n ìpẹja tí wọ́n ká jọ sára ògiri. Mo fa àwọ̀n náà lulẹ̀, mo fa àga, mo gùn ún. Mo fi ọwọ́ kan fa súìṣì náà wálẹ̀, kò wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ó le pátápátá. Èmi tí mo máa ń sọ fún gbogbo kọsitọ́mà pé iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ń jẹ irin, iyọ̀ náà ló wá ń bá mi jà yìí. Mò ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́," mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá súìṣì náà lórí. Mo gbá a, mo tún un gbá. Ó jábọ́ wálẹ̀, ó dún pẹ́.

Mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí àga nígbà tí mo gbọ́ igbe àwọn ọmọdé.

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Èkó tí kò mọ igbe yẹn. Bí iná bá dé, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń ké e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé kejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ títí dé etí òkun. Rédíò ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Nínú pálọ̀ tí mo wà, fáànù kò yí, fíríìjì kò dún. Ó yẹ kí ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Súìṣì tó ti dípẹtà bẹ́ẹ̀, ta ló mọ ohun tó gé àti ohun tí kò gé? Mò ń dúró kí n gbọ́ kí nǹkan já lulẹ̀ níwájú ilé. Mi ò fẹ́ lọ wò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé tí ọkùnrin yìí bá kú, ọ̀rọ̀ tó máa kù sí mi lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ti ilá.

Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Kò ké, ohùn náà kéré.

"Ìyá Ìbejì."

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga.

"Ìyá Ìbejì, ṣé iná ti dé ni?"

Mo ní, "Ó ti dé."

Ó ní, "Ta ló pa èyí?"

"Èmi ni."

Nígbà tí mo jáde, ó ṣì wà lórí àkàbà, wáyà méjèèjì ṣì wà láàárín ìka rẹ̀, ihòòhò. Ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún. Ó rọra fi wọ́n sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ àkàbà. Ìyá ń wo òun, wọ́n ń wo èmi, wọ́n ò tíì mọ ohun tí wọ́n ṣe. Mo sọ fún wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí, wọ́n ní, "Iná ni mo gbọ́. Ṣé iná kì í ṣe iná ni?" Iná ni iná. Ohun tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa.

Inú ń bí mi sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí, mo sì tún fẹ́ dì mọ́ ọn níwájú ìyá onílé. Mi ò ṣe ìkankan nínú mẹ́ta. Mo lọ bá bàtà mi, mo wọ̀ ọ́.

Ọkọ mi dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bọ́jú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ààrò, ó ń yọ igi tútù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń to èyí tó gbẹ. Ó fi ẹnu fẹ́ iná náà títí ó fi ràn, èéfín bò ó lójú, kò sì ráhùn. Ìyá tún ẹja wọn tò sórí rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú ọkọ mi, ó ní èéfín ni. Mo ní mo mọ̀.

Lẹ́yìn náà ló gun àkàbà padà. Èmi dúró ti súìṣì. A parí gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, mo sì fi ojú ara mi rí Ìyá tí wọ́n gbé orí fìtílà kan tó ń lo bátìrì kúrò lórí ìkọ́, tí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn láti fi wo ẹja wọn, tí wọ́n sì dá a padà. Ọkọ mi náà rí i. Kò sọ nǹkan kan nípa olè. Àtìgbà yẹn, òun gan-an ló ń jó ìkọ́ mọ́ ọrùn fìtílà wa.

Ní ti ọ̀rọ̀ "pa iná" yẹn, a lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ilé, ẹni tó bá wù lè máa pa iná. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ wáyà, "gé e" la ń wí. Òun ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Mo rán an létí pé ohun tó fi bú mi nìyẹn, ó ní òun mọ̀. Ó tún fi òfin kan kún un: òun ò ní fọwọ́ kan wáyà kankan títí òun á fi gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Kì í ṣe lẹ́nu onílé, kì í ṣe lẹ́nu ẹnikẹ́ni tí a bá rán. Ìjà yòówù kó wà nílẹ̀.

Ìjà sì ń wà nílẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Eleko sọ wá di àdàbà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a lọ so fìtílà sí ara ilé kan ní Lekki, a ti ń bínú síra wa láti ilé, nítorí nǹkan tó sọ nípa mi fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó gun àkàbà. Mo lọ sídìí súìṣì, mo gé e, mo dúró tì í. Láti ojú fèrèsé, mo rí i lókè: ọwọ́ rẹ̀ wà níwájú ihò ògiri, ó nà án sílẹ̀, kò fi kan nǹkan kan. Kò pè mí. Ó ń dúró. Onílé ń wo òun, ó ń wo èmi, kò mọ ohun tí a ń dúró dè. Mo jẹ́ kó dúró díẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Apá ti ń ro ó, síbẹ̀ kò fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Mo ti gé e, Bàbá Ìbejì."

Ó ní, "O ṣeun," ó sì ki ọwọ́ bọ inú ihò náà. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.